Ẹsẹ̀ Méjì tàbí Ẹsẹ̀ Mẹ́rin: Ọ̀rọ̀ lórí Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Ìgbà Òjò ní Oregun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí olówò fẹ́ fi owó òógùn ojú rẹ̀ rà, tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ méjì péré, tàbí èyí tí ó ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún, tí òjò ń pa á, tí ó ń retí búrẹ́dì tí kò dé, ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Oregun ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò ilé iṣẹ́ ni Oregun, láàárín Ìkẹjà àti Ọjọ́ta ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà Oregun ni wọ́n ń pe òpópó ńlá tí ó la àárín rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi sọrí Kudirat Abiọla, ìyàwó MKO, tí wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Odò Ìyá Aláró ń ṣàn lọ lẹ́bàá ibẹ̀. Ààtàn ńlá Olúsosùn kò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Òjò tí ń rọ̀ sí Èkó láàárín ọdún kan máa ń ju mìlímítà 1,500 lọ. Láti oṣù kẹrin ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò máa le sí i títí di oṣù kẹfà àti oṣù keje, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Òpópó ńlá ní ọ̀dà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí òpópó ńlá ni gbogbo oníbàárà ń gbé. Ẹni tí ó ń gbé ọjà láti Oregun lọ sí ìhà Àkúté, tàbí sí àwọn ojúlé tí ó wà lẹ́yìn Ìkòròdú, yóò kúrò lórí ọ̀dà, yóò bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, òjò kan ṣoṣo tó láti sọ ilẹ̀ pupa náà di ọṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin kan, Alhaja kan tí ó ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ní Oregun. Irú búrẹ́dì tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí búrẹ́dì Agége ni ó ń ṣe. Aago mẹ́rin ìdájí ni búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ẹ̀wà tà á. Búrẹ́dì tí ó bá dé ní aago mẹ́sàn-án, ì báà gbóná dé ilé, búrẹ́dì àná ni lójú ẹni tí ebi ti pa lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni Alhaja ní, ó sì ti gbó. Nínú òjò tí ó kọjá, bọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ fún ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún àgbàrá, ó sì di ọjọ́ kan báyìí tí omi gbé òun àti awakọ̀ dé etí gọ́tà, tí ó jẹ́ pé òpó iná kan ni ó dá wọn dúró. Láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti ń tọ́jú owó. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kó o jọ.

Nígbà tí owó pé, ó mú awakọ̀ rẹ̀ dání, ó di ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Volkswagen Transporter méjì ni wọ́n fi hàn án. Ọ̀dà wọn jọra, ọjọ́ orí wọn jọra, àyè ẹrù wọn kò fi nǹkan ju ara wọn lọ. Èkíní, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Èkejì, ìlú tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà òtútù ni ó ti wá, fọ́ọ̀-wíìlì sì ni. Owó rẹ̀ fi bí ìlàrin ju ti èkíní lọ. Ẹni tí ń tà á kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀: "Alhaja, inú yìnyín ni eléyìí ti ń rìn láti kékeré. Ẹrẹ̀ Èkó ni yóò wá dá a dúró?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹni tí ó ti borí ńlá, kí ni kékeré fẹ́ fi ṣe é? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn létí báyìí gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn ti fi ọwọ́ di àpò rẹ̀ mú.

Kí ni fọ́ọ̀-wíìlì ń ṣe ní ti gidi? Nínú ọkọ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjì fà, irin kan wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì tí ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe irin náà ni pé bí ọkọ̀ bá ń yà sí apá kan, ẹsẹ̀ tí ó wà ní ìta ní láti rìn jìnnà ju èyí tí ó wà ní inú lọ. Bí wọn kò bá lè ya ara wọn díẹ̀, táyà yóò máa ha ilẹ̀. Ṣùgbọ́n irin yìí ní ìwà kan: ẹsẹ̀ tí ó bá rọrùn láti yí ni ó ń yí. Bí táyà ọ̀tún bá wà nínú ẹrẹ̀, tí ti òsì sì wà lórí ilẹ̀ líle, èyí tí ó wà nínú ẹrẹ̀ ni yóò máa yí lásán bí òòyì, èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ yóò sì dúró bí ère. Gbogbo ẹni tí ó bá ti rí dánfó nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ti rí èyí rí. Ohun tí fọ́ọ̀-wíìlì ń ṣe ni pé ó fi ẹsẹ̀ méjì yòókù kún un, kí ó lè jẹ́ pé bí àwọn ti iwájú bá kùnà, àwọn ti ẹ̀yìn yóò máa tì. Nítorí náà, ọkọ̀ náà yóò gbéra níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbéra, yóò sì gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè gùn. Kò sí irọ́ nínú èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n bíréèkì ńkọ́? Gbogbo ọkọ̀ ni ó ní bíréèkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ì báà jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó ń yọ̀, fọ́ọ̀-wíìlì kò ní ohun kan láti fi kún un. Ó ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ. Kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ewu tí ó wà níbẹ̀ sì nìyí: ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń kìlọ̀ fún awakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ gbéra ni yóò ti yọ̀ díẹ̀, awakọ̀ yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ kò dára. Fọ́ọ̀-wíìlì kì í kìlọ̀. Yóò gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbà tí ọmọ ilé ìwé bá sọdá níwájú ni awakọ̀ yóò tó mọ̀ irú ilẹ̀ tí òun wà lórí rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n bí sínú òjò dídì mọ èyí dájú. Ní Ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà, láti ọdún 2008 ni òfin ti wà pé ọkọ̀ tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ táyà ìgbà òtútù nígbà tí òtútù bá dé. Láti ọdún 2019, ọjọ́ 1 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni òfin náà ń mú. Ní Jámánì, ọdún 2010 ni wọ́n tún òfin tiwọn ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ pàtó pé táyà tí ó bá ojú ọjọ́ mu ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ bí yìnyín bá bo ọ̀nà. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Montreal, tí ó ra ọkọ̀, òfin táyà yìí ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Kò sí èyíkéyìí nínú òfin méjèèjì tí ó sọ pé kí olúkúlùkù ra fọ́ọ̀-wíìlì. Ẹ wò ó dáradára. Àwọn tí yìnyín jẹ́ ìṣòro wọn fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dọọdún, ohun tí ó ń fi ara kan ilẹ̀ ni wọ́n fi òfin dè. Wọ́n fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún àpò oníkálukú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí táyà nìyẹn, orí táyà ni ó sì yẹ kí ó pẹ́ sí. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, gbogbo agbára bíréèkì, ojú mẹ́rin péré ni wọ́n ń gbà kan ilẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí táyà bá ti pá, bí ojú rẹ̀ bá ti dán bí orí arúgbó, ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ń yọ̀ ni fọ́ọ̀-wíìlì yóò fún ènìyàn dípò ẹsẹ̀ méjì tí ń yọ̀. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí ojú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú òjò, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà lè rí ilẹ̀ mú. Nínú ẹrẹ̀, etí rẹ̀ ni ó ń walẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó ti ìlú òtútù wá sì ní àdánwò tirẹ̀. Bí Alhaja bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wo ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ kejì, ó ṣeé ṣe kí ó rí àmì òkè olórí mẹ́ta tí wọ́n ya ẹ̀kán òjò dídì sí inú rẹ̀. Àmì táyà ìgbà òtútù nìyẹn. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó lè di ilẹ̀ mú nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù tó ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí tí ó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé e dé orí ọ̀dà Èkó tí oòrùn ti yan gbẹ, yóò rọ̀ jù, yóò tètè jẹ, kò sì ní dúró dáadáa bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ohun tí ó jẹ́ ògo fún un níbẹ̀ ni ó di àbùkù níhìn-ín. Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Táyà tí wọ́n kọ 2314 sí lára, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń darúgbó bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò tíì jẹ. Táyà àlòkù fún ọkọ̀ kéékèèké wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kọ̀ kí á kó wọlé, ṣùgbọ́n ta ni yóò bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àlejò ní ẹnu ibodè? Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ó dunni pé ní agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe táyà nígbà kan. Dunlop bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Michelin sì wà ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní ọdún 2007, Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, láti òkè òkun ni gbogbo táyà tuntun tí ọkọ̀ Oregun ń wọ̀ ti ń wá. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi ń ba olówò lẹ́rù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó lè fi owó rọgbọdọ kún owó ọkọ̀ nítorí fọ́ọ̀-wíìlì yóò máa fi táyà pípá sáré nínú òjò, tí yóò ní òun ń ṣọ́ owó ná.

Ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ìwúwo bá wà lórí rẹ̀ ni ó ń di ilẹ̀ mú. Nígbà ayé dánfó Volkswagen àtijọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ni ó sì ń yí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń jáde nínú ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ tí ó níyì jù ú lọ ń rì sí. Peugeot J5 tí ó gbòde lẹ́yìn rẹ̀, iwájú ni ó ń fà. Bí ó bá ṣófo, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá kó ẹrù wúwo sí i nídìí, tí ó sì ń gun òkè, gbogbo ìwúwo yóò sá sí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú yóò fúyẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán. Kí ni Alhaja ń gbé? Búrẹ́dì. Búrẹ́dì kún inú ọkọ̀ ṣùgbọ́n kò wúwo. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ń fi iwájú fà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó lé ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́, bá búrẹ́dì mu ju bí ẹni tí ń ta fọ́ọ̀-wíìlì yóò ti gbà lọ. Ọjọ́ tí ó bá lọ kó ìyẹ̀fun nìkan ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra, nítorí àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ 50 kílò. Kí wọ́n tò ó sí iwájú, lẹ́yìn àga awakọ̀ gan-an, kì í ṣe sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí pé ibẹ̀ ni ó yá láti jù ú sí.

Títí dé ibí yìí, ẹrẹ̀ ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Oregun yóò ti máa bi ara rẹ̀ pé, omi ńkọ́? Ní tòótọ́, omi ni ọ̀tá tí ó le jù. Bí odò bá kún, tí pàǹtírí sì ti dí gọ́tà, ojú títì ni omi yóò fi ṣe odò. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò kan rọ̀ sí Èkó tí ó bo ọ̀pọ̀ àdúgbò, tí ó sì gba ẹ̀mí. Àwọn ará Ìbàdàn kò sì lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa gbé ilé, gbé ọkọ̀, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kí ni fọ́ọ̀-wíìlì lè ṣe fún ọkọ̀ tí omi bá gbé? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Bọ́ọ̀sì tí ó gùn ní mítà 4.5, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1.7, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7.65 ní ìbú lóròó. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré ga ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ó tó ráyè wọ inú rẹ̀, agbára tí omi náà fi ń gbé e sókè tó 765 kílò. Bí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó ti tó 1,530 kílò, èyí sì lè gbé bọ́ọ̀sì kékeré tí kò lẹ́rù nílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ méjì, ì báà jẹ́ mẹ́rin, ì báà jẹ́ ogún, ẹsẹ̀ lásán ni. Búrẹ́dì tí kò wúwo, tí ó jẹ́ ànfààní lórí ẹrẹ̀, ló tún wá di ẹ̀bi níhìn-ín, nítorí ọkọ̀ fífúyẹ́ ni omi ń tètè gbé. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé omi tí ń sáré tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1 lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ, àti pé ẹsẹ̀ bàtà 2 lè gbé jíìpù ńlá pàápàá.

Bí omi kò bá tilẹ̀ gbé ọkọ̀, ó lè pa á. Ẹ́ńjìnnì ń mí. Ojú ihò kan wà tí ó ń gbà fa afẹ́fẹ́. Bí omi bá dé ibẹ̀, omi ni yóò fà. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún mọ́ra, omi kò ṣeé fún mọ́ra, nítorí náà irin tí ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì yóò pàdé ohun tí kò yẹ̀ fún un, yóò sì tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni olúwarẹ̀ yóò rà. Kí Alhaja tó béèrè iye ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ ń fi fà, ó yẹ kí ó ní kí wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi ọwọ́ hàn òun pé, ibí yìí ni ó ń gbà mí. Kí awakọ̀ fi ojú wọn bí ó ti ga tó sí ara rẹ̀: ṣé ó dé orúnkún ni, ṣé ó dé itan ni?

Ìnáwó tí ó wà lẹ́yìn rírà kò yẹ kí ó pẹ́ wa púpọ̀. Irin tí fọ́ọ̀-wíìlì fi kún ọkọ̀ lè wúwo tó 100 kílò tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo ni yóò sì máa fi gbé e lójoojúmọ́, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Páàtì ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ kún ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Páàtì fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí awakọ̀ ní láti tẹ nǹkan kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin fà. Bí ó bá gbàgbé, tí ó ń sáré lọ lórí ọ̀dà gbígbẹ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ yóò máa lọ́ ara wọn títí ọ̀kan yóò fi já. Àwọn mìíràn wà tí ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kò fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra. Àṣà à-ń-pààrọ̀-táyà-lọ́kọ̀ọ̀kan, tuntun kan níhìn-ín, àlòkù kan lọ́hùn-ún, lè ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kíákíá. Àti pé ní ìlú òjò dídì, iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì ń jẹ irin. Ọkọ̀ lè máa dán lókè bí ẹyin, kí abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹni tí ó ní inú yìnyín ni ọkọ̀ òun ti ń rìn láti kékeré, òótọ́ ni ó sọ, kò kàn parí ọ̀rọ̀ ni.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá jiyàn. Land Rover tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1948 kò di ọkọ̀ àwọn aṣojú ọ̀gbìn, ọlọ́pàá àti oníṣègùn ní ilẹ̀ Yorùbá nítorí fáàrí. Ẹni tí ń lọ kó kòkó ní oko tí ó wà lẹ́yìn àwọn òkè Ìdànrè, ẹni tí ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé ní Òkè-Ògùn nígbà òjò, ẹni tí ń tún wáyà iná ṣe nínú igbó, ọ̀nà tí wọn kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ẹrẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́. Irú wọn ni Volkswagen ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì Syncro jáde ní ọdún 1985, tí wọ́n ń tò ó ní Graz ní ilẹ̀ Austria, níbi tí òkè àti òjò dídì ti jọ ń gbé. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá fi owó kún owó, wọn kò ṣe àṣejù.

Nítorí náà, ìbéèrè Alhaja kì í ṣe pé ọkọ̀ wo ni ó lágbára jù. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, níbo ni ọkọ̀ mi ti ń kùnà, kí sì ni ó ń fa ìkùnà náà? Ó dára fún un pé awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí ó máa ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ká ní ìjíròrò wọn lọ báyìí, ní ìdí àgbá omi kan, tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ ti sún sẹ́yìn díẹ̀:

"Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ń wà á. Ẹ má wo ojú mi. Èwo ni kí n rà?"

"Alhaja, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọkọ̀ dá mi dúró nínú òjò tó kọjá. Mo kọ ọ́ síbí. Ẹ̀ẹ̀màrún, omi ni. Ẹ́ńjìnnì mu omi, ó kú."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tó kù ńkọ́?"

"Mẹ́ta nínú rẹ̀, táyà ni. Mo ti sọ fún yín nígbà náà pé ó ti pá, ẹ ní ká mú un dé ìparí oṣù."

Alhaja kò fèsì sí ìyẹn. "Ìkẹsàn-án?"

"Ìkẹsàn-án nìkan ni mo lè pè ní ẹrẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ Àkúté yẹn ni. Tí mo bá ní fọ́ọ̀-wíìlì lọ́jọ́ náà, ma gùn ún. Mi ò ní purọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ tí omi gbé mi yẹn, Alhaja, ẹsẹ̀ mẹ́rin ì bá jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó wọn ju gbogbo ìṣirò lọ. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun kò lè kọjá yóò dúró. Èyí tí ó rò pé ó lè kọjá ni omi ń gbé.

Bí Alhaja bá gba ọ̀nà tí ìwé awakọ̀ rẹ̀ fi hàn, Volkswagen èkíní ni yóò rà, èyí tí ń fi iwájú fà, lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá ti dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Nínú owó tí ó ṣẹ́kù, yóò ra táyà tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìkarùn-ún tí yóò wà ní ìpamọ́. Yóò ra okùn tí ó nípọn, ṣọ́bìrì kan, àti pákó méjì tí wọ́n lè tẹ́ sí abẹ́ táyà. Yóò bá awakọ̀ ṣe àdéhùn níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù pé bí omi bá ti bo àmì tí wọ́n fi ọ̀dà fà sí ara òpó iná tí ó wà létí gọ́tà, kí ó yí padà, búrẹ́dì tí ó bá ṣòfò lọ́jọ́ náà kì í ṣe gbèsè rẹ̀.

Ó ku gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkúté. Awakọ̀ ti ní ìmọ̀ràn lórí ìyẹn náà. Ní ọjọ́ òjò, yóò dúró sí orí òkè níbi tí ọ̀dà parí sí, yóò fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ ìyá ẹlẹ́wà yóò sì ti ọmọlanke gòkè wá kó búrẹ́dì wọn. Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀, kìkì pé kí Alhaja fi búrẹ́dì kan kún mẹ́wàá fún wọn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Alhaja ní kan kún ogún. Orí iyẹn ni wọ́n ṣì wà.